Ọkọ̀ Tààrà sí Rumuola

Ara èèyàn kì í ka máìlì, ìsọ̀kalẹ̀ ló ń kà. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi títí ó fi sú wọn, síbẹ̀ òótọ́ ni. Gbé mi sínú bọ́ọ̀sì kan fún wákàtí méjì, n ó jókòó, n ó fara ti fèrèsé, n ó sun oorun mi, nígbà tí mo bá jí a ó ti dé. Ṣùgbọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan, kí n dìde lórí àyè tí ìdí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, kí n dúró sínú oòrùn tàbí òjò, kí n tún fi ìgbọ̀nwọ́ wá ọ̀nà láàárín àwọn tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ wá ọ̀nà, kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti tán lára mi. Dírọ́ọ̀pù ni a ń pe ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá wọ̀ ní Port Harcourt. Bí o bá sọ ibi tí ò ń gbé fún ẹnìkan, kò ní bi ọ́ bóyá ó jìnnà. "Na how many drop?" ni yóò wí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, yóò ní orí rẹ dára.

Tèmi jẹ́ márùn-ún. Ilé wa wà ní Iwofe, lápá ibi tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ ojú omi wọn mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò wà ní Alesa, níbi tí iná ilé ìfọpo ti ń jó tọ̀sán tòru. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo ń wọ̀ láti Iwofe dé orítà tí ọ̀nà wa ti já sí Ikwerre Road. Níbẹ̀ mo wọ takisí dé Rumuokwuta, èrò mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, ẹni tó bá sanra kó má bínú. Rumuokwuta ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì dé Rumuola. Ní Rumuola mo wọ òmíràn dé Eleme Junction, ní Eleme Junction mo wọ èyí tó gbẹ̀yìn. Bí mo ṣe ń lọ ni mo ṣe ń bọ̀. Láti ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ni mo ti wà ní ìlú yìí, n kò sì tíì rí ẹni tó fẹ́ràn à ń sọ̀ à ń wọ̀ yìí, àfi ọkọ mi.

Ọkọ mi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Diobu ni. Ó gbà pé ẹni tó bá jókòó sójú kan nínú ọkọ̀ tí kò rìn, òmùgọ̀ ni. "Tó bá ti dúró, bọ́ sílẹ̀ jàre, enter another one. Na so we dey do am for here." Ẹnu rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó ń wá gbé òun fúnra rẹ̀ ní ìta ilé wa ní òwúrọ̀, tí ó sì ń já a sílẹ̀ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin tí kò wọ dírọ́ọ̀pù méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ márùn-ún.

Bọ́ọ̀sì kan wà nígbà náà tó ń ti Iwofe lọ sí Rumuola láìdúró já èrò sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bàbá arúgbó kan ló ni ín, òun náà ló ń wà á. Kò ní gbéra àfi tí ó bá kún, ó sì lè lo wákàtí kan kó tó kún, bàbá náà á máa pariwo, "Rumuola straight! No half-road!" bí ẹni pé ó ti fẹ́ gbéra láti àná. Ẹni tó bá wọ kẹ̀kẹ́, tó wọ takisí, tó wọ bọ́ọ̀sì yóò ti dé Rumuola kí bàbá yìí tó tan ẹ́ńjìnnì. Mo mọ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí ara mi bá kọ̀, mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀, mo ti pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ nítorí rẹ̀ ju iye ìgbà tí mo lè sọ lọ.

Ó di ọdún kejì tí ìjọba lé ọ̀kadà kúrò nígboro ni Màámi dé láti Iléṣà. Ojú ń dùn wọ́n. Gúlókómà ni àwọn oníṣègùn pè é, ẹ̀jẹ̀ ríru inú ojú ni àwọn ará ilé wa ń pè é. Àwọn àbúrò mi méjì wà ní Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ kí Màámi wá bá àwọn, ilé ìwòsàn pọ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní èmi àkọ́bí, èmi obìnrin, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Mo ní dókítà ojú kan tó mọṣẹ́ wà ní Rumuola, ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi náà sì ni, n ó máa mú wọn lọ. Àwọn àbúrò mi gbà nítorí pé ẹ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ikwerre ni dókítà yẹn, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó wo ojú Màámi, ó sì ṣàlàyé fún mi. Èyí tó ti lọ nínú ìríran wọn kò lè padà wá, ṣùgbọ́n èyí tó kù, a lè dì í mú. Kí wọ́n máa kán oògùn sí i láràárọ̀ àti lálaalẹ́, kí wọ́n sì máa wá lóṣooṣù kí òun wò ó bóyá oògùn náà ń ká a. Bí kò bá ká a, òun yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ irú àìsàn wọn, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣíwọ́ fífún èèyàn ní nọ́ńbà. Ọ̀gá mi ní ilé ẹ̀kọ́ yọ̀ǹda Ìṣẹ́gun kan ṣoṣo lóṣù fún mi. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Dírọ́ọ̀pù mẹ́ta ni a wọ̀ lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo sì rí i pé ìyá mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kánjú wọ ọkọ̀. Tí wọ́n bá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n á fi ọwọ́ mú irin rẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará inú ọkọ̀." Wọn kò ní wọlé àfi tí wọ́n bá gbọ́ èsì. Awakọ̀ á máa fọn fèrè. Àwọn èrò á wo ara wọn, ẹnìkan á ní, "Mama, good morning," ẹlòmíràn á ní, "Mama, abeg enter." Nígbà náà ni wọn yóò wá gbé ẹsẹ̀ sókè. Nínú takisí, bẹ́ẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ojú tì mí díẹ̀, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo ní, "Màámi, kì í ṣe ilé àna lẹ ń wọ̀ o. Ọkọ̀ ni."

"Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé," ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Mo ní ará Iléṣà ni wọ́n lóòótọ́. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ní ìrọ̀lẹ́, a jọ rẹ́rìn-ín títí. Màámi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi mí pé ṣé kò sí ọkọ̀ kan tó ń lọ tààrà ni, tí a kò ní máa bọ́ sílẹ̀ káàkiri bí ẹni tó ń ta ọjà kiri. Mo ní ó wà. Inú mi dùn tí wọ́n bèèrè, n kò ní purọ́.

Bí a ṣe di oníbàárà bàbá Rumuola Straight nìyẹn. Ní oṣù kejì, a jókòó láti aago méje, bọ́ọ̀sì kún ní aago mẹ́jọ, a dé ilé ìwòsàn ní aago mẹ́wàá kù díẹ̀. Nọ́ńbà ti tán. Ní oṣù kẹta a bọ́ sí àsìkò. Ní oṣù kẹrin òjò rọ̀, bọ́ọ̀sì kò kún rárá, a padà sílé láti ibi tí a jókòó sí. Ní oṣù karùn-ún a dé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, nọ́ọ̀sì kan na ọwọ́ sí aago ara ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí. Nínú oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni dókítà fojú kan ojú ìyá mi. Oògùn ìbẹ̀rẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ń kán.

Ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí lẹ ń jókòó de bàbá yẹn sí? Kẹ̀kẹ́, takisí, bọ́ọ̀sì, before eight una don reach."

Mo ní, "Ìwọ tí ọkọ̀ ń wá gbé lẹ́nu ilé?"

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bá tirẹ̀ lọ.

N ó sọ èyí tó burú jù níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí mo ń fi pamọ́ fún mọ́. Mo fẹ́ràn àwọn òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun yẹn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni lóṣù tí ẹnikẹ́ni kò lè ní kí n sọ̀kalẹ̀. N ó jókòó ti ìyá mi, èjìká wa á kanra, n ó di ojú mi. Bí wọ́n bá lé wa padà nílé ìwòsàn, n ó ní, "Kò burú, a ó tún wá," a ó wọ ọkọ̀ padà sílé, n ó sì sùn títí di ọ̀sán. Ìgbà tí wọ́n bá lé wa, inú mi kì í bàjẹ́ tó bó ṣe yẹ. Ó ti rẹ̀ mí láti ọdún pípẹ́, mo sì ti jẹ́ kí àárẹ̀ náà máa bá mi pinnu ọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹwàá, bọ́ọ̀sì bàbá náà tètè kún. Inú gbogbo wa dùn. A dé Rumuokwuta, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, bàbá náà yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa á. "Engine don hot. I no dey reach Rumuola again. Make una enter another one."

Ariwo sọ. Àwọn kan bú u, àwọn kan ti ń sá lé ọkọ̀ mìíràn. Mo wo aago mi, mo rí i pé aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Bí a bá wọ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, a ó bá nọ́ńbà. Mo gbé báàgì wa méjèèjì, mo bọ́ sílẹ̀, mo fò kọjá gọ́tà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Màámi ṣì wà nínú ọkọ̀, àwọn nìkan.

"Màámi, ẹ sọ̀kalẹ̀ o."

"Sọ fún un kó gbé wa débi tó ní òun ń lọ."

"Ó ní òun ò lọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ ti dé."

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di àga iwájú mú. "Jẹ́ ká dúró. Ó máa tutù."

Ọkọ̀ tí mo dá dúró lọ. Òmíràn dé, òun náà lọ. Inú bí mi. N kò mọ ìgbà tí ohùn mi gòkè láàárín títì, lójú gbogbo ayé: "Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Iṣẹ́ ni mo fi sílẹ̀ tí mò ń tẹ̀ lé yín! Ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn!" Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò sọ̀rọ̀ sí ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n dìde. Mo yíjú sí títì láti dá ọkọ̀ dúró, nígbà náà ni mo gbọ́ ìró rẹ̀.

Gọ́tà tí mo fò kọjá kò ní ìdérí, ó fẹ̀, oòrùn sì ràn sí gbogbo rẹ̀. Pákó ńlá kan wà lórí rẹ̀ ní apá òsì ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, orí rẹ̀ ni gbogbo èrò tó kù rìn gbà. Màámi kò gba orí pákó. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ sórí òfìfo bí ẹni tó mọ̀ dájú pé ilẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n wọ inú rẹ̀ dé itan.

Obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì àti ẹja létí ọ̀nà ló ràn mí lọ́wọ́ tí a fi fà wọ́n jáde. Ó fún wọn ní àga rẹ̀, ó bu omi fọ ẹsẹ̀ wọn. Awọ ojúgun bó, ṣùgbọ́n eegun kò ṣẹ́. "Mama, you no see gutter?"

Màámi gbé ojú sókè sí mi. Mo ní, "Wọ́n ní ṣé ẹ ò rí gọ́tà ni."

"N ò rí i."

"Pákó ńkọ́?"

"Pákó wo? Níbo ló wà?"

Mo nawọ́ sí i. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ sí ibi tí wọ́n jókòó. Wọ́n yí gbogbo orí sí apá òsì, wọ́n tún yí èjìká tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó rí i.

"Ojú òsì yẹn ti lọ," ni wọ́n wí. "Ó tó oṣù márùn-ún. Ọ̀tún náà, iwájú rẹ̀ nìkan ló ń rí, kò rí ẹ̀gbẹ́, kò rí ilẹ̀."

Wọ́n ń sọ tiwọn lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé èmi ni mo ṣubú. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bá kí àwọn ará inú ọkọ̀, ohùn àwọn tó dáhùn ni àwọn fi ń mọ ibi tí èèyàn wà àti ibi tí àga ti ṣófo. Wíwọ ọkọ̀ kò le. Ìsọ̀kalẹ̀ ló le. "Mo lè kí èèyàn kó dá mi lóhùn. Ilẹ̀ kì í dáhùn. Ìdí tí mo fi ní ká máa wọ ọkọ̀ kan nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni n ó sọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ó ti rẹ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ bó o ṣe ń mí tó o bá dé láti ibi iṣẹ́. Kí n wá sọ ọ́, kó o tún wá ibòmíràn tí wàá máa gbé mi lọ?"

Obìnrin oníbọ̀ọ̀lì kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń wo ojú mi, ó sì ní, "Madam, sorry o." Òun ló bá wa dá ọkọ̀ dúró. Mo di ìyá mi mú, mo sọ fún wọn pé ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì, àga ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ a ti dé Rumuola. Nọ́ńbà kù nílẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà láti Rumuokwuta, n kò mọ ohun tó ti ń dí wa lọ́wọ́ láti oṣù wọ̀nyí.

Dókítà wo ojú náà pẹ́. Ó ṣí káàdì Màámi, ó ṣí i padà, ó wò mí. "Wetin happen? Since when una never come?"

Mo ní ọ̀nà ló jìn. Mo ní Iwofe ni a ti ń bọ̀.

"How many drop be that?"

"Three."

"Three drop," ni ó tún wí, ó sì fi bírò lélẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá pariwo ì bá dára. Ó ní, "The left eye don go. That medicine no hold am. If una dey come, I for see am, I for change am, Mama for still dey use that eye. The right one remain small. We go try." Ó tún fi kún un pé, "Tell Mama."

Èmi ni ògbufọ̀ láàárín wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Màámi kọ ojú sí mi, wọ́n ń dúró. Mo ní, "Wọ́n ní ọjọ́ orí ló mú ojú òsì lọ. Wọ́n ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe sí i. Wọ́n ní àwọn máa tọ́jú ọ̀tún."

"Ó dáa," ni Màámi wí. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Dókítà fún wa ní oògùn tuntun. Dírọ́ọ̀pù mẹ́ta ni a wọ̀ padà, n kò sì mọ̀ pé a ń wọ ọkọ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbẹ̀yìn, àwa méjì nìkan la wà lẹ́yìn, ariwo rẹ̀ pọ̀, Màámi fi ẹnu sún mọ́ etí mi.

"Àwọn àbúrò rẹ máa pè lónìí."

"Wọ́n máa pè, mà."

"Kí lo máa sọ fún wọn?"

Mo ń wo ẹ̀yìn oníkẹ̀kẹ́ tó ń wà wá.

"Bó o ṣe wí i fún mi ni kó o ṣe wí i fún wọn," ni wọ́n wí. Nígbà tí mo yíjú, wọ́n gbá ọwọ́ mi mú. "Pidgin ni àwọn ọmọ rẹ fi ń bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo gbọ́ dókítà. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó o sọ fún mi yẹn, òun ni kí wọ́n gbọ́. N ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi tìtorí ojú kan bá ara wọn jà."

Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn. Láti oṣù tó tẹ̀ lé e títí tí Màámi fi kú, a kò pàdánù Ìṣẹ́gun kan mọ́, dírọ́ọ̀pù mẹ́ta lọ, dírọ́ọ̀pù mẹ́ta bọ̀, ojú ọ̀tún sì bá wọn dé ibi tí wọ́n lọ. Mo ṣì wà ní Iwofe, mo ṣì ń lọ sí Alesa. Ní gbogbo ìgbà tí àwa ọmọ bá pé jọ, àwọn àbúrò mi méjèèjì máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ìtọ́jú Màámi, ẹ kú làálàá ojú wọn." Èmi náà á ní kí wọ́n dìde, pé a dúpẹ́.